Òwú Eyínfúnjowó

Láyé ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn, tí òwú òyìnbó sì ti ń kún ọjà, ilé kan wà ní Bẹ́yẹrúnká tí kò fọwọ́ kan òwú òyìnbó rárá. Ilé Fàsásì ni. Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ìyàwó ilé ti ń rẹ òwú láró. Iwájú ilé, lábẹ́ igi odán, ni àwọn ọmọkùnrin ilé ti ń hun ún lórí òfì. Ọjà Òjé ni aṣọ náà sì ń lọ. Ẹni tó bá wò wọ́n lókèèrè á ní ilé yìí mà wà ní ìṣọ̀kan o. Irọ́ ló pa.

Nígbà tí Fàsásì fúnra rẹ̀ wà láyé, òótọ́ ni. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, kì í jókòó. Á gba ẹ̀yìnkùlé lọ, á ti ìka bọ ìkòkò aró, á fi kan ahọ́n wò. Ibẹ̀ ni yóò ti yọ sí àwọn ahunṣọ, á sọ fún wọn pé aró tòní kò tíì dúdú tó, kí wọ́n rọra lo èyí tó wà nílẹ̀. Bó bá ti Òjé dé, ohun tí àwọn oníbàárà ń wá ni yóò máa rò fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Àwọn ìyàwó a máa pè é ní Ayọjúràn bí kò bá sí nítòsí. Wọ́n rò pé àìsinmi baba lásán ni. Nígbà tó kú tán, kò sí ẹni tó ronú pé iṣẹ́ kan wà nínú ìyọjúràn yẹn tó yẹ kí ẹnìkan jogún.

Màmúdù, àkọ́bí rẹ̀, ló jókòó sípò baba. Ènìyàn rere ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ní kó wá jókòó náà ló jókòó lóòótọ́. Orí àga ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ló ti ń ránṣẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. "Ẹ sọ fún wọn lẹ́yìn pé kí wọ́n yára o." "Ẹ ní kí wọ́n fi dúdú sí i níwájú." Ta ni "wọn"? Màmúdù kì í bi ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ ló ń gbé iṣẹ́ náà, bó bá sì ti dùn mọ́ ọn ni yóò ti jẹ́ ẹ.

Kúlúsúmù ni ìyá kan náà bí tẹ̀lé e. Ó ti ṣe ìyàwó ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú títí àwọn ará ilé ọkọ fi ní ó ń kó ọ̀rọ̀ ilé àwọn ròde, tí wọ́n sì ní kó máa lọ. Láti ìgbà tó ti padà wálé, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń pè é ní ọmọ baba, àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ń pè é ní dálémoṣú. Òun náà ń gbọ́ méjèèjì, ó sì ń ṣe bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo lòun gbọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọkùnrin kan láti Ọjà'ba fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fọ́kọ, ó sì bẹ ilé Fàsásì níṣẹ́ ẹtù, aṣọ dúdú jinjin tí àwọn ọlọ́lá ń lò. Sàídì, àbíkẹ́yìn ilé, ló mọ ẹtù hun jù. Ọjọ́ pé, ọkùnrin yìí wá gba aṣọ. Ó bá òfì Sàídì lófìfo, Sàídì fúnra rẹ̀ fẹ̀yìn ti igi odán, ó ń rún orín. Èébú tí ọkùnrin náà bú Màmúdù lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà ní ìta gbangba gbọ́ ọ láì na etí. Ó ní láyé Fàsásì, ẹnu kan ni ilé yìí ní. Ó ní nísinsìnyí ẹnu ti pọ̀ níbẹ̀, etí ni kò sí.

Inú bí Màmúdù. Ó pè wọ́n wọ ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sàídì ní òun ò fojú kan òwú dúdú láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà lé òun lọ́wọ́. Àtọ́kẹ́, ìyàwó Màmúdù tó kéré jù, tí ìkòkò aró wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ní òun rẹ òwú, òun sá a gbẹ, òun sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín. Kúbúrá, ìyálé, tó ń ru òwú láti ẹ̀yìnkùlé lọ sídìí òfì, ní ibi tí wọ́n bá rán òun ni òun ń gbé e dé. Ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè jẹ́ òótọ́ pọ̀. Sàídì, ọmọ baba ni. Kúbúrá ti darúgbó sínú ilé náà, ta ni yóò fura sí i? Ó wá ku Àtọ́kẹ́, ọmọ ará Bẹẹrẹ, ọmọ abọ̀ṣun láàárín ìmàle, tí kò tíì bímọ tí yóò fi dúró. Màmúdù ní ó ti kó òwú náà tà níta. Ó ní kó di ẹrù rẹ̀, bí àwọn bá ti kírun Jímọ̀ dé, kí àwọn má ṣe bá a nílé mọ́.

Kúlúsúmù wọlé tọ̀ ọ́ lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló rí i níbi tó ti ń tà á?"

"Òwú ò lẹ́sẹ̀, Kúlúsúmù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, kò lẹ́sẹ̀. Ẹ wá jẹ́ ká wo ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà. Ẹ jẹ́ kí n yẹ ilé yìí wò kó tó di Jímọ̀."

"Kí lo fẹ́ yẹ̀ wò nínú ilé tí wọ́n bí ọ sí?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀yìnkùlé mọ̀ nípa iwájú ilé, kí n mọ ohun tí iwájú ilé mọ̀ nípa Òjé."

Màmúdù wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ti Jímọ̀ tí mo wí ni mo ṣì ń wí."

Ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ lọ. "Àrẹ̀dú o!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kí àwọn aláró. Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀ nídìí ìkòkò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ̀yin ọkọ mi, bó bá jẹ́ ìkòkò lẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ máa wò ó. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́."

"Mi ò bá ìkòkò wá. Bí o bá ti gbé òwú lé Kúbúrá lórí, kí lo tún ń gbọ́ nípa rẹ̀?"

Àtọ́kẹ́ kò tètè mọ ibi tí ìbéèrè náà ń lọ. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"O ò mọ̀ bóyá ó dúdú tó? O ò mọ̀ bóyá ó kù díẹ̀, tàbí ó já lórí òfì?"

"Ta ni màá bi? Mi ò dé ìdí òfì rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé. Wọ́n ní ìyàwó tuntun kì í lọ rìn gbéregbère níwájú àwọn ọkọ rẹ̀." Ó wolẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe òwú ló ń dùn mí. Ará Bẹẹrẹ kan gba ibí kọjá láàárọ̀. Ó ní Baálé ti ránṣẹ́ sí bàbá mi pé ọwọ́ mi ò mọ́. Ó ní láti ọjọ́ náà ìyá mi ò lọ sọ́jà mọ́. Yàrá ló wà."

Kúlúsúmù rò ó wò. Òwú kò lè dé iwájú ilé láti ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ olè ti dé Bẹẹrẹ! Ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó yí padà, ó gba ọ̀nà iwájú ilé.

"Ojú gbooro o!" ni Kúlúsúmù fi kí àwọn ahunṣọ. Sàídì ló dáhùn. Yésúfù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òfì tirẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì igi odán, kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ó lọ kí ẹni tó ṣòfò ní Mápó.

"Sàídì, o ń retí òwú, òwú ò dé. Kí lo ṣe?"

"Mo dúró."

"O ò béèrè?"

"Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wa. Wọ́n ní àwọn á sọ fún wọn."

"Èéfín ìkòkò àwọn aláró ń wọ̀ ọ́ lójú níbi tí o jókòó sí yìí. O ò lè dìde lọ bi wọ́n?"

Sàídì pòṣé. "Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ kí n máa bẹ obìnrin kiri ẹ̀yìnkùlé nítorí òwú? Iṣẹ́ tiwọn ni wọ́n mọ̀, tèmi ni mo mọ̀."

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ọ̀kan kò béèrè nítorí pé obìnrin ni, ìkejì kò béèrè nítorí pé ọkùnrin ni, àwọn méjèèjì sì pè é ní ìwà ọmọlúàbí. Ó ká Kúlúsúmù lára, ṣùgbọ́n kò bá Sàídì jà. Òjé ló kù.

Sìdí, àbúrò baba wọn, ló ń bá ilé ta aṣọ ní Òjé. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í ṣáájú rẹ̀ nìkan ni, ó tún máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti rí Kúlúsúmù lókèèrè kó tó débẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò ṣe yọjú sí mi láti ọjọ́ yìí? Jókòó, jókòó. Ọjà ń tà, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ìdádúró. Aṣọ ẹtù nìkan ni kò wọlé, àmọ́ ti Yésúfù ń bo àṣírí wa. Ọwọ́ ọmọ yẹn ti yí padà! Bí mo bá gbé e kalẹ̀ báyìí, wọ́n ti ń já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́."

"Ti Yésúfù kẹ̀? Aṣọ oko tí Yésúfù ń hun?"

"Wá wò ó fúnra rẹ."

Kúlúsúmù fa aṣọ náà sórí itan. Aṣọ tí àgbẹ̀ ń wọ̀ lọ sóko ni, funfun pẹ̀lú ilà. Ṣùgbọ́n ilà inú rẹ̀! Dúdú tí aró ti mu yó ni, tí wọ́n tì bọ ìkòkò léraléra kó tó rí bẹ́ẹ̀. Òwú ẹtù ni. Bí ènìyàn bá ti ń gbé nílé Fàsásì, ojú rẹ̀ kò lè ṣì í.

"Ṣé ẹ sọ fún wọn nílé pé aṣọ Yésúfù ti yí padà?"

"Ta ló bi mí? Kí n tà ni wọ́n ní kí n ṣe. Mo sì ń tà."

Ìgbà tí Kúlúsúmù ń padà bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Yésúfù! Yésúfù tó jẹ́ pé òun ló lọ gba ẹrù lórí alárù lọ́jọ́ tí wọ́n lé e padà wálé, tó gbé e wọ yàrá láì bi í ní ohunkóhun. Bó bá sọ ohun tó rí, Yésúfù lolè. Màmúdù yóò sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, nítorí ọmọ baba ẹni ni. Àtọ́kẹ́ yóò ṣì lọ, kí ojú má baà ti ilé. Bí kò bá sọ ọ́, Àtọ́kẹ́ yóò lọ. Ẹ̀rù bà á. Ó jókòó sórí àpáta kan lẹ́bàá ọ̀nà. Fún ìgbà díẹ̀, ká má parọ́, ó wù ú kó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó rántí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Níbẹ̀ náà, ẹnìkan rí ìdajì nǹkan, ó fi inú ara rẹ̀ ro ìdajì tó kù, bí òun Kúlúsúmù ṣe di ẹni tí ń kó ọ̀rọ̀ ròde nìyẹn. Òun náà ti rí ìdajì báyìí. Ó dìde. Ó ní òun ò ní pe ẹnikẹ́ni lólè títí òun yóò fi bá òwú náà rìn láti ìkòkò dé orí òfì.

Ní òwúrọ̀ Àlàmísì, ó ní kí Àtọ́kẹ́ fi òwú ránṣẹ́ bó ṣe máa ń fi ránṣẹ́, kó má yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kúbúrá dé, ó so òṣùká, Àtọ́kẹ́ gbé agbọ̀n òwú dúdú kà á lórí.

"Ìyálé mi, ẹ bá mi gbé e fún Eyínfúnjowó."

"Ó dáa."

Kúbúrá gba ẹ̀gbẹ́ ilé, kò dúró níbì kan, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kúlúsúmù ń bá a bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n dé abẹ́ igi odán. Kúbúrá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì Sàídì, kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Yésúfù, ó sọ agbọ̀n kalẹ̀.

"Eyínfúnjowó, òwú yín dé o."

Yésúfù gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín ọpẹ́. Iwájú ẹnu rẹ̀ ṣófo bí ẹnu ìkòkò.

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Kúlúsúmù kó tó mọ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi já.

Ó ye é. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ láéláé. Ohun tó bá rí lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé ni yóò fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí Kúbúrá wọlé, Sàídì ń rá kòrò, ó sọ ọ́ ní Bàbá Kékeré. Yésúfù ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tí eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ, bó bá rẹ́rìn-ín, àdúgbò á mọ̀. Eyínfúnjowó. Lẹ́yìn náà ni ogun Kírìjì gba Yésúfù lọ, ó bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn eyín náà kò bá a bọ̀; wọ́n ti sùn sí bùdó Ìgbájọ. Kúbúrá kò yí orúkọ padà. Ta ló ń yí orúkọ ọkọ padà nítorí eyín? Àtọ́kẹ́ wá dé lẹ́yìn ogun. Yésúfù tó bá nílé, ẹlẹ́nu òfìfo bí arúgbó ni, ó sọ ọ́ ní Gbajúmọ̀. Ẹni tí eyín rẹ̀ funfun lójú tirẹ̀ ni Sàídì, òun ló sì sọ ní Eyínfúnjowó.

Tẹ́lẹ̀, ọmọbìnrin ilé kan ló ń ru òwú, èyí tó lè bi Àtọ́kẹ́ pé, "Sàídì àbí Yésúfù?" Ìgbà tí wọ́n fi ọmọ náà fọ́kọ ni ẹrù bọ́ sórí Kúbúrá. Ìyàwó ń rán ìyàwó, kò sì sí èyí tó lè pe orúkọ nínú àwọn méjèèjì.

"Yésúfù," Kúlúsúmù pè é, "òwú dúdú tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ yìí, kò ṣe ọ́ bákan?"

"Ó ṣe mí bákan. Mo ní ẹ̀gbọ́n wa ti rántí mi nìyẹn, wọ́n fẹ́ kí aṣọ mi náà dára." Ojú rẹ̀ tàn bó ti ń sọ ọ́. "Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní kò tọ́pẹ́."

Màmúdù kò tilẹ̀ bi í pé kí ló ń dúpẹ́ fún!

Lẹ́yìn ìrun àìlà, Kúlúsúmù kó gbogbo wọn jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, aláró, ahunṣọ, àti Sìdí láti Òjé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Fàsásì, wọn ò jókòó pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Kò ṣàlàyé nǹkan kan fún Màmúdù. Ó kọjú sí Àtọ́kẹ́, tó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n ti dì fún un.

"Àtọ́kẹ́, òwú ẹtù tí o rẹ, ta lo fi ránṣẹ́ sí?"

"Eyínfúnjowó ni."

"Pè é kó jẹ́, ká rí i."

Àtọ́kẹ́ gbé ojú sókè díẹ̀. "Eyínfúnjowó o!"

"Mo ń gbọ́," ni Sàídì wí.

"Mo ń gbọ́," ni Yésúfù wí.

Ẹnu àwọn méjèèjì papọ̀. Wọ́n wo ara wọn. Sìdí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kúbúrá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó káwọ́ lérí. "Yéè! Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é. Àtọ́kẹ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é fún ọ." Ó sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ aláró mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Wọ́n wá ń sọ ọ́ síta báyìí, olúkúlùkù pẹ̀lú èyí tó wà níkùn rẹ̀. Sìdí ní òun rí i pé aṣọ oko ń dúdú. Sàídì ní òun rí agbọ̀n tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Yésúfù ní òun mọ̀ pé òwú náà ti dára jù fún iṣẹ́ òun. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yà ọ̀rọ̀ ti wà nínú ilé látọjọ́ yìí, ẹni tí yóò tò ó pọ̀ ni kò sí, nítorí ẹni tí iṣẹ́ náà kàn wà lórí àga.

Màmúdù mọ̀ pé òun ni. Ojú tì í, ó sì fẹ́ kí ó tètè tán. "Ó dáa. Àṣìṣe ni, Ọlọ́run ló ni ọgbọ́n. Láti òní lọ, Kúlúsúmù ni kó máa rìn láàárín ẹ̀yìnkùlé àti iwájú ilé láràárọ̀ bí bàbá wa ti ń ṣe. Òun lè pe orúkọ gbogbo wa. Àtọ́kẹ́, tú ẹrù rẹ. Ẹ lọ sẹ́nu iṣẹ́."

Wọ́n dìde. Àtọ́kẹ́ kò dìde.

"Ẹ ṣeun, Baálé," ó ní. "Ta ni yóò sọ fún ìyá mi?"

"Màá ránṣẹ́."

"Ẹ ó ránṣẹ́!" Kúlúsúmù kò mọ ìgbà tó pariwo. "Ta lẹ fẹ́ rán? Ṣé ẹ ò tíì rí bí iṣẹ́ ṣe ń dé níbi tí a bá rán an sí nínú ilé yìí? Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá tiwa kú láì gbọ́ pé mi ò kó ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ròde. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú mọ̀ lẹ́yìn náà pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ mi. Wọ́n ní àwọn á ránṣẹ́. Mo ṣì ń retí ẹni tí wọ́n rán. Ó ń dùn mí, ẹ gbọ́? Títí di òní, ó ń dùn mí."

Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Màmúdù wo àbúrò rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun mú bàtà wá.

Bẹẹrẹ kò jìnnà sí Bẹ́yẹrúnká. Òun àti Kúlúsúmù ni wọ́n jọ rìn, Àtọ́kẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù tí kò tíì tú. Wọ́n bá Ọ̀ṣuntúndé, baba rẹ̀, lójúde. Màmúdù, olórí ilé Fàsásì, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku.

"Bàbá, mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àtọ́kẹ́ kò jalè. Àwọn ará ilé tèmi ni kò gbọ́ra wọn yé. Ẹ foríjì mí."

Ọ̀ṣuntúndé wò ó títí, kò ní kó dìde. "Ẹ tún un wí, àna mi. Ìyá rẹ̀ wà ní yàrá, kò gbọ́."

Màmúdù gbé ohùn sókè. "Àtọ́kẹ́ kò jalè!"

Yàrá náà dákẹ́. Nígbà náà ló dìde fúnra rẹ̀, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó tún dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, jẹ́jẹ́ báyìí, bí ẹni tó ń bá ìyá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohùn obìnrin dáhùn láti inú òkùnkùn.

"Mo mọ̀. Èmi ni mo bí i. Ẹ lọ sọ ọ́ lọ́jà."

Ọjà Bẹẹrẹ kò tíì tú. Màmúdù gbọn eruku kúrò láyà agbádá rẹ̀, ó sì kọrí síbẹ̀.